Ọ̀bẹ Tó Kọ̀ Tí Kò Gé

Àgbà yàrá àyẹ̀wò gba ìlẹ̀kùn fírísà dé gbàgà, yìnyín já bọ́ sílẹ̀.

"Ta ló fi ẹ́ńsáìmù mi síta? Ṣé ẹ fẹ́ pa mí ni?"

Àwọn òṣìṣẹ́ tẹrí mọ́ iṣẹ́ wọn. Ata Wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń pe àgbà yàrá àyẹ̀wò yìí lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n sì mọ̀ pé bí ata bá ta síni lójú, a kì í fọwọ́ ra á. Jẹ́jẹ́ nìkan, ọmọbìnrin tó ń bá a ṣiṣẹ́, ló dìde nídìí tábìlì.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, inú yìnyín ni mo gbé e sí. N ò gbàgbé ẹ̀ síta."

"Ẹnu ẹ dùn! Ọwọ́ ẹ ńkọ́?"

Ẹlẹ́ẹ̀kẹta rèé tí iṣẹ́ náà kọ̀. Kí ẹ́ńsáìmù, ọ̀bẹ tín-ín-tín tí ojú kò rí, gé òrùka DNA kan já ni, okùn tí lẹ́tà àbùdá tò sí lára, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Inú bakitéríà, kòkòrò àìfojúrí, ni wọ́n ti tọ́ DNA náà. Kì í sì í gé e wálawàla. A máa yọ́ lọ lórí okùn DNA bí ẹni tó ń fọwọ́ tọ́ ògiri nínú òkùnkùn, a fò, a tún bà, títí yóò fi kan lẹ́tà mẹ́fà tó jẹ́ tirẹ̀. Láràárọ̀, lẹ́yìn àdúrà, Ata Wẹ́wẹ́ a máa kì í bí ẹni ń ki ọmọ:

"Awákiri-má-ṣìnà,
A-fọwọ́-kàwé-lókùnkùn,
Ó rí ẹgbẹ̀rún lẹ́tà, kò feyín kàn án,
Ó rí mẹ́fà tirẹ̀, ó dì í mú ṣinṣin."

Lónìí, èébú ló fi kì í. Ó sì ti pe ọ̀gá wọn lórí fóònù: "Jẹ́jẹ́ ló bà á jẹ́, sà. Ẹ jẹ́ kó máa lọ sílé." Ọ̀gá ní òun ń bọ̀ nírọ̀lẹ́, kí ọmọ náà palẹ̀ mọ́. Báàgì Jẹ́jẹ́ ti wà lẹ́nu ọ̀nà.

"Àǹtí, kí n tó lọ." Omi ń lé ròrò lójú ọmọ náà. "Ẹ jẹ́ ká fi ẹ́ńsáìmù yẹn gé ẹ̀dà DNA tí ẹ̀rọ ṣe, èyí tí kò gba inú bakitéríà kọjá. Lẹ́tà kan náà ni. Tó bá kọ ìyẹn náà, a jẹ́ pé èmi ni mo pa á."

"Dán an wò! Kójú lè tì ẹ́ dáadáa."

Wọ́n fi ẹ́ńsáìmù sí méjèèjì, wọ́n gbé wọn sínú jẹ́ẹ̀lì tó ń ya DNA sí ìlà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Nígbà tí Ata Wẹ́wẹ́ tan iná aláwọ̀ àlùkò sí i, ẹ̀dà tí ẹ̀rọ ṣe ti pín sí ìlà méjì, ó mọ́ rekete. Èyí tí wọ́n tọ́ nínú bakitéríà wà bó ṣe wà.

Ẹ́ńsáìmù kò kú. Ó mú bí abẹ.

Ìbínú Ata Wẹ́wẹ́ kò rọlẹ̀. Ẹlòmíràn ló ń wá tí yóò bù jẹ. Bakitéríà náà ni! A máa lẹ àmì tín-ín-tín mọ́ lẹ́tà DNA tó bá wà nínú rẹ̀. Irú àmì yẹn gan-an ni bakitéríà tó ni ọ̀bẹ yìí fi ń dáàbò bo ara rẹ̀, kí ọ̀bẹ má baà gé olówó rẹ̀. Ẹ́ńsáìmù ti dé orí lẹ́tà mẹ́fà náà, ó bá àmì níbẹ̀, ó sì yí padà. Kò ṣìnà rárá.

"Ta ló mú bakitéríà burúkú yìí wá?" ó jágbe.

Jẹ́jẹ́ wolẹ̀. "Ẹ̀yin ni, Àǹtí. Ẹ ní ti àtijọ́ yẹn, tí kì í sààmì, ó ń falẹ̀ bíi tèmi."

Ẹnìkan fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì.

Ata Wẹ́wẹ́ rántí ohun tí ìyá rẹ̀ máa ń wí: bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Láti àárọ̀ ni ìbínú rẹ̀ ti ń yọ́ lọ lórí gbogbo ẹni tó wà nínú yàrá náà, tó ń bù wọ́n jẹ lọ́kọ̀ọ̀kan. Orí ẹnìkan ṣoṣo ló dé tó yí padà: òun fúnra rẹ̀.

Ẹsẹ̀ ọ̀gá ń dún bọ̀ lórí àtẹ̀gùn. Inú ṣì ń bí Ata Wẹ́wẹ́. Ó lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó gbé báàgì Jẹ́jẹ́, ó tì í sábẹ́ tábìlì níbi tó máa ń wà. Ó wá padà lọ dúró síbi tí báàgì náà ti kúrò, ó kọjú sí ìlẹ̀kùn.