Orúkọ Mẹ́tàdínlógún Nínú Orin Job

Ẹ jẹ́ kí n ti ìbẹ̀rẹ̀ sọ ọ́ pé mi ò ní pe Àlàájì Sànyà ní "wọ́n" nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ó jù mí lọ, mo mọ̀. Bí a bá pàdé lójú ọ̀nà, màá kúnlẹ̀ kí i. Ṣùgbọ́n ohun tó fẹ́ fojú Job rí lọ́dún 1989 ti kó ọ̀wọ̀ yòókù lọ.

Èmi ni Uswat. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lọ́nà Oko Ọba, l'Ágége, níbi tí mo ti ń gba orin sínú kásẹ́ẹ̀tì fáwọn ènìyàn. Àlàájì Sànyà ni màkẹ́tà tó ń gbé orin àwọn olórin jáde ládùúgbò wa. Òun náà ló ń kó kásẹ́ẹ̀tì òfìfo fún mi. Láti ìgbà tí Sáàpù, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba tó ba náírà jẹ́, ti wọ̀lú, kásẹ́ẹ̀tì òfìfo ti gbówó lérí bí àgbò iléyá. Bí Àlàájì bá bínú sí mi, ṣọ́ọ̀bù mi di àtìpa nìyẹn.

Ilé kan náà lèmi àti Job jọ ń gbé. Ó fi ọdún mẹ́jọ ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ abọ́ tánńganran kan n'Íkẹjà. Nígbà tí wọn ò rí irin kó wọlé mọ́, wọ́n dá ènìyàn mẹ́tàdínlógún dúró lọ́jọ́ kan ṣoṣo, Job sì wà nínú wọn. Ó ti pẹ́ tó ti ń kọ orin. Àwọn olórin ńlá á gba orin lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n á kọ ọ́ bíi pé àwọn ló ni ín, wọ́n á sì fún un ní owó ọkọ̀.

Èyí tó kọ nípa ìdádúró yẹn, inú ṣọ́ọ̀bù mi la ti gbà á sílẹ̀. Òun ló ta gìtá, èmi àti Àrínọlá ọmọ mi la gbè é. Láàárín orin náà ló ti dárúkọ àwọn mẹ́tàdínlógún lọ́kọ̀ọ̀kan, tó sì ki olúkúlùkù: ẹni tó mọ iná ààrò í dá, ẹni tí máṣíìnì jẹ ìka rẹ̀ méjì tí kò fi pa iṣẹ́ jẹ. Ẹ̀yin náà ṣáà mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wọ inú rẹ́kọ́ọ̀dù, ó ti sanwó ni: onílé, oníṣòwò, ọ̀gá sójà. Ta ló ń ki ẹni tó ń tẹ abọ́?

Àlàájì gbọ́ orin náà, ó mi orí.

"Orin yìí dáa. Àwọn orúkọ yẹn ni kó o yọ. Ta ló mọ̀ wọ́n? Fi Olóyè tó ni ilé iṣẹ́ yẹn síbẹ̀, mo ti bá wọn sọ ọ́, owó gidi ni wọ́n máa san. Màá wá olórin tóhùn rẹ̀ já gaara tó máa kọ ọ́. Fún mi lésì lọ́jọ́ Jímọ̀."

"Ẹ jẹ́ kí n rò ó, sà," ni Job wí.

Kí ló tún fẹ́ rò? Àlàájì ò tíì dé títì tí mo fi dojú ọ̀rọ̀ kọ ọ́. "Ẹni tó dá ẹ dúró lo fẹ́ máa kì, Job? Ojú ò tì ẹ́? Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́."

"Àǹtí mi, Tẹ́júọlá ti lóyún," ló wí. Ìyàwó rẹ̀ nìyẹn. "Orúkọ ò ṣeé sè."

Òótọ́ ló sọ, ìyẹn ló sì jẹ́ kí inú túbọ̀ bí mi.

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, ara mi ò gbà á mọ́. Mo gbé sípíkà síta, mo fi orin náà sí i, mo yí ohùn rẹ̀ sókè. Mi ò gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bọ́dúndé ló ń kọjá lọ, itan màlúù wà léjìká rẹ̀. Ó wà lára àwọn mẹ́tàdínlógún náà, ẹran ló ń bá àwọn alápatà rù látìgbà tíṣẹ́ ti bọ́. Ó gbọ́ orúkọ ara rẹ̀, ó dúró gbagidi sójú ọ̀nà.

"Àǹtí, ta ló sanwó èyí?"

"Kò sẹ́ni tó sanwó."

"Ṣé wọn ò ní wá gbà á lọ́wọ́ mi ṣá?"

"Kò sẹ́ni tó máa gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹ. Job ló kì ẹ́."

Ó gbé ẹran sílẹ̀, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi, ó ní kí n tún un fi sí i. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní kí n gba orin náà fún òun, kí ìyá òun gbọ́ ọ n'Ógbómọ̀ṣọ́. Mo ní kásẹ́ẹ̀tì tó wà nílẹ̀, ti Àlàájì ni, mi ò lè fọwọ́ kàn án. Ó sáré lọ sílé, ó gbé àlòkù kásẹ́ẹ̀tì wàásù kan dé. Wọ́n ti ṣẹ́ etí rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà gba nǹkan lé e. Mo ká bébà, mo fi dí ihò etí náà, máṣíìnì sì gbà á.

Mi ò mọ bí Bọ́dúndé ṣe sọ ọ́ kiri. Ní àárọ̀ Jímọ̀, ènìyàn ti kún iwájú ṣọ́ọ̀bù, àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n dá dúró, ìyàwó wọn, àwọn alápatà, kálukú pẹ̀lú àlòkù kásẹ́ẹ̀tì. Mo gbàgbé láti pa ohun tó wà nínú wọn tẹ́lẹ̀ rẹ́. Bí orin Job bá ti tán nínú ti Khàdíjàt, ìyàwó ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ náà, áfà kan á bẹ̀rẹ̀ sí í jágbe iná ọ̀run. Khàdíjàt ní kò burú, kó wà bẹ́ẹ̀. Job ni mo ní kí wọ́n máa sanwó fún. Àwọn alápatà gbé bọ̀kọ́tọ̀ méjì fún Tẹ́júọlá. Ọwọ́ Job fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń fi owó náà sí.

Bí Àlàájì ṣe dé nìyẹn, ó ń fi ọwọ́ gba ènìyàn sọ́tùn-ún sósì. "Job, kí lèsì?"

"Mi ò yọ orúkọ kankan, sà. Èmi ni mo sì máa fi ẹnu ara mi kọ ọ́."

"Ó dáa. Uswat, kó kásẹ́ẹ̀tì mi fún mi. Ká wo ohun tẹ́ ẹ máa jẹ."

Mo gbé páálí náà fún un bó ṣe wà, okùn ṣì wà lára rẹ̀. Mo ní, "Ẹ ṣeun, sà. A ti rí òmíràn."

Ó ké sí awakọ̀ rẹ̀ kó wá gbé e. Felix lorúkọ rẹ̀. Òun náà wà nínú àwọn tí wọ́n dá dúró, iṣẹ́ ọkọ̀ yìí ló rí lẹ́yìn rẹ̀. Orúkọ ọmọkùnrin yìí ti kọjá létí Àlàájì nínú orin náà, kò tiẹ̀ fura. Felix bọ́ sílẹ̀, kò wo páálí. Ó yọ kásẹ́ẹ̀tì kan lápò, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí mi.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ gbà á fún mi. Orúkọ mi wà nínú ẹ̀."

"Felix, gbé páálí yìí ká máa lọ."

"Ẹ jẹ́ kí orin yìí tán, sà."

"Ṣé iṣẹ́ ti sú ẹ ni?"

"Mo ti pàdánù ọ̀kan rí, sà," ni Felix wí. "Mi ò kú."

Mo ká bébà, mo dí ihò, mo tẹ máṣíìnì. Bí orin bá ṣe gùn tó ni gbígbà rẹ̀ ń pẹ́ tó, ìṣẹ́jú mọ́kànlá sì ni orin Job. Àlàájì ò mọ ọkọ̀ wà. Ó dúró sínú oòrùn pẹ̀lú páálí rẹ̀, ó sì gbọ́ orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀tàdínlógún.