Àyè Tó Ṣófo Lára Aṣọ Ìbora

“Ìyá, ṣé ẹ mọ aṣọ yìí?”

“Ọjà Ọba kọ́ la wà? Aṣọ wo ni kò sí níbí?”

“Ṣé iṣẹ́ ọwọ́ yín kọ́?”

“Ṣé èmi nìkan ni mo ń ránṣọ ní Àkúrẹ́?”

Stephen, ọdẹ tí ó ń ṣọ́ oko ní Ìlú-Abo, gbé àjákù ṣẹ́ẹ̀tì náà ka orí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ẹrẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn. Ẹ̀gbẹ́ egungun ni wọ́n ti rí i, nínú igbó tí Lawrence, ọmọ Oyèbọ́lá aránṣọ yìí, wọ̀ tí kò padà. Bí ìyá bá jẹ́wọ́ aṣọ, wọn a gbé òkú wá; bí kò bá jẹ́wọ́, wọn a sin ín lọ́la bí ẹni tí kò lẹ́nìkan.

Oyèbọ́lá fa aṣọ ìbora tí ó ń rán mọ́ra. Àṣà ilé ìyá rẹ̀ ní Oǹdó ni: ẹni tó bá kú, wọn a gé ègé onígun mẹ́rin lára aṣọ rẹ̀, wọn a rán an mọ́ ti àwọn tó ṣáájú. Ọ̀já dúdú ni wọ́n fi ń la àárín wọn, kí àwọn òkú má baà máa fi ìgbọ̀nwọ́ gún ara wọn bí èrò inú ọkọ̀. Bàbá rẹ̀ wà níbẹ̀. Ọkọ rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Àyè kan ló ṣẹ́ kù kí wọ́n tó fi ìṣẹ́tí yí i ká, aṣọ tó bá sì ti ní ìṣẹ́tí kò gba ẹnikẹ́ni mọ́. Ti Oyèbọ́lá fúnra rẹ̀ ni àyè náà. Ẹni ọmọ sin ló bímọ.

“Màámi,” Àánú, ìyàwó Lawrence, sọ lẹ́nu ọ̀nà, “ṣé kí wọ́n sin ín láìlórúkọ ni?”

“O ti ń kánjú di opó?”

Àánú jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Oòrùn ti ń wọ̀ kí Oyèbọ́lá tó yí àjákù náà padà. Ó fi àtàǹpàkò pa abẹ́ kọ́là rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó mú àlùmọ́gàjí, ó gé e, ó tẹ́ ẹ sí àyè tó ṣófo. Ó kéré. Ó gé ọ̀já tó fẹ̀ ju ti àwọn yòókù, ó fi yí i ká títí tí àyè fi kún. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rán ìṣẹ́tí.

Nígbà tí ẹ̀rọ dákẹ́, Stephen ti dìde.

“Èmi ni mo rán an,” ni Oyèbọ́lá wí. “Ọrùn máa ń yún un. Mo tẹ́ aṣọ múlọ́múlọ́ sábẹ́ kọ́là.”