Ẹ̀dọ̀ Reuben

"Ìbànújẹ́ ò mọ ọ̀nà ilé mi," Reuben wí, ó ń fọwọ́ gbá àyà bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn. "Bó bá dé Abúlé Ẹ̀gbá, á ṣìnà."

Fàúsát ò rẹ́rìn-ín. Látìgbà tí wọ́n ti gbé e síṣẹ́ alẹ́ nídìí ẹ̀rọ tó ń ṣe ọmọrí ìgò ní Oregun, ẹ̀rín ti sá fún un. Oúnjẹ ò wù ú mọ́, oorun ò sì wá lọ́sàn-án. Màdáámù Adéìfẹ́ tó ni ilé iṣẹ́ ní òun á gbé e padà sọ́sàn-án, bí dókítà ará Ṣáínà tó ń fi abẹ́rẹ́ gún ara wo àìsàn ládùúgbò bá jẹ́rìí pé ara rẹ̀ ò yá. Ó wá ní kí Reuben, ọ̀gá wọn nídìí ẹ̀rọ, tẹ̀lé e, kó má baà purọ́.

"Ìmẹ́lẹ́ ló ń ṣe é, dókítà," Reuben wí bí wọ́n ṣe wọlé sọ́dọ̀ rẹ̀. "Ẹ gún un dáadáa."

Fàúsát wo abẹ́rẹ́ tó tín-ín-rín bí irun, ó fà sẹ́yìn. "Bọ̀dá Reuben, ẹ̀yin lẹ̀gbọ́n. Ẹ kọ́kọ́ gbà á ká wò ó."

Reuben gun bẹ́ẹ̀dì bí ọba. Dókítà Lín, tí gbígbé Agége ti kọ́ ní Yorùbá, di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ó pẹ́ níbẹ̀. Ó wo ahọ́n rẹ̀.

"Ẹ̀dọ̀ yín ti há. Nínú ìṣègùn tiwa, ẹ̀dọ̀ ló ń darí èémí káàkiri ara. Ẹni tó bá ń gbé ìbínú mì, tó ń gbé ẹkún mì, èémí á dúró sójú kan. Àyà á fún. Á máa mí kanlẹ̀ láìmọ̀."

"Èmi tí mo fi ẹ̀dọ̀ lé orí òróòro?" Reuben mí kanlẹ̀.

Fàúsát gbójú sókè àjà.

Dókítà gún un láàárín ọmọ ìka ẹsẹ̀. Reuben ṣì ń ṣe àwàdà lọ nígbà tí omi bẹ̀rẹ̀ sí í dà lójú rẹ̀. Ó ní ẹkún kọ́. Ó tún ní látìgbà tíyàwó òun ti kú, òun ò fẹ́ sùn nílé mọ́, ìdí nìyẹn tóun fi fẹ́ràn iṣẹ́ alẹ́.

Fàúsát fa etí ìborùn rẹ̀ fún un kó fi nujú.

Nígbà tí dókítà yẹ òun náà wò tán, àgbo kan náà ló dì fún wọn, egbò igi pẹ̀lú atalẹ̀. "Ẹ máa sùn lálẹ́ o. Àgbo ò lè dá a ṣe."

Abẹ́rẹ́ ṣì wà lẹ́sẹ̀ Reuben tó fi pe Màdáámù lórí fóònù. "Mà, kò purọ́. Ara rẹ̀ ò yá. Tèmi náà ò yá. Dókítà ní ká máa sùn lálẹ́."



"Èmi náà ń mu àgbo yẹn láti ọdún tó kọjá, mi ò sì pa iṣẹ́ jẹ," Màdáámù wí. "Aago méje alẹ́ òní ni kẹ́ ẹ wọlé iṣẹ́, bẹ́ ẹ ṣe máa ń ṣe."