Ìhó Ọṣẹ Nínú Kànga

“Ẹ fà mí o! Ẹ̀gbọ́n Ògúnkànmí, ẹ fà mí jáde! Afẹ́fẹ́ ti tán níbí!”

Ìsàlẹ̀ kànga ni Mùtíù wà tó ń ké. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rìnlélógún ni wọ́n ti gbẹ́ dé nínú ọgbà ilé tuntun kan ní Magboro, wọn ò sì tíì kan omi. Ògúnkànmí, tó ń fa erùpẹ̀ sókè, ju korobá sílẹ̀, ó tẹ ẹsẹ̀ méjèèjì mọ́lẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ okùn tí wọ́n so mọ́ Mùtíù níbàdí. Nígbà tí orí rẹ̀ yọ, òógùn ti bo gbogbo ojú rẹ̀, ó sì ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tí wọ́n lé láti Ibafo. Ó wó lé òkìtì erùpẹ̀, ó di àyà mú.

“Mo ń kú lọ, ẹ̀gbọ́n. Àyà mi fẹ́ bẹ́.”

Ògúnkànmí ti ń gbẹ́ kànga kí Mùtíù tó kúrò ní Ìsẹ́yìn wá wá iṣẹ́ sí apá ibí, ó sì mọ̀ pé afẹ́fẹ́ burúkú inú kànga kì í ṣe ohun àfiṣeré. Nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń tan àbẹ́là sínú agolo, tí wọ́n á fi okùn sọ ọ́ kalẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó wọlé. Bí iná bá kú, ẹnì kankan ò gbọdọ̀ sọ̀kalẹ̀. Bí ó bá ń jó, afẹ́fẹ́ wà. Ó yọjú wo inú kànga. Àbẹ́là àárọ̀ ọjọ́ náà ṣì wà nísàlẹ̀, ó ń jó jẹ́ẹ́jẹ́, kò tilẹ̀ mì.

“Mùtíù, wá wo nǹkan.”

“Mi ò lè wò ó.”

“Iná ṣì ń jó. Afẹ́fẹ́ kọ́ ló tán.”

Ọ̀rọ̀ yìí dun Mùtíù ju àyà tó ń lù kì-kì-kì lọ. Bó bá jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ló burú, ta ni ì bá bá a wí? Ṣùgbọ́n àbẹ́là ti jẹ́rìí lòdì sí i, ìgbà kẹta sì nìyí láàárín ọ̀sẹ̀ méjì.

Màmá Jésùlayọ̀mi tó ni ilé náà ti wá láti Èkó wo iṣẹ́. Ó dúró lójú fèrèsé tí wọn ò tíì fi nǹkan kan sí, ó káwọ́ lérí. “Ẹ̀yin oníkànga, ẹ jọ̀ọ́. Tó bá fi máa di Sátidé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta òní tí mi ò rí omi, màá pe àwọn oníbóhóòlù. Ẹnì kankan ò ní kú sínú ilé mi lórúkọ Jésù!”

Nígbà tó kọjá sẹ́yìn ilé, Ògúnkànmí jókòó ti àbúrò rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. “Orúnkún mi ti kọ̀, ìwọ náà mọ̀. Mi ò lè wọ kànga mọ́ láéláé. Ìwọ lò ń wọ̀ ọ́ fún àwa méjèèjì. Tó ò bá lè lọ mọ́, sọ fún mi, ká jọ dágbére fún iṣẹ́ yìí.”

Ojú ti Mùtíù gidigidi.

Kí ẹ má rò pé ojo ni o. Ogún ọdún ló ti fi ń wọ kànga bí ẹni ń wọ yàrá rẹ̀. Àmọ́ nínú oṣù àwẹ̀ tó kọjá, ilẹ̀ oníyanrìn kan ní Asese ya lù ú, ó bò ó dé àyà. Ògúnkànmí àtàwọn mẹkáníìkì etí títì fẹ́rẹ̀ẹ́ lo wákàtí kan kí wọ́n tó hú u jáde. Kò fara pa. Ó tilẹ̀ ń fi ṣẹ̀fẹ̀ pé ilẹ̀ fẹ́ fi òun ṣe sààrì ni, ọjọ́ kẹta ló sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ni nǹkan yìí bẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, tó bá rí ekòló, á sá. Ti Mùtíù tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí kò rí ekòló kankan tí àyà rẹ̀ fi ń já.

Ìyá ìyàwó rẹ̀ ní ọwọ́ ayé ni. Onílé wọn ní kí ó wá sí ìṣọ́ òru. Òun fúnra rẹ̀ gbà pé ọkàn òun ló fẹ́ dúró, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọmọ rẹ̀ bí ẹni tó ń dágbére. Nùsírátù, ìyàwó rẹ̀, ló fà á lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan ní Mowe láàárọ̀ ọjọ́ kejì. “Àìsàn là á wò, a kì í wo ikú,” obìnrin náà wí. “Ẹ dìde.”

Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n fi ẹ̀rọ wo ọkàn rẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí ó lọ jókòó lọ́dọ̀ Nọ́ọ̀sì Folúkẹ́, ọ̀dọ́bìnrin kan tí ohùn rẹ̀ kò lọ sókè ṣùgbọ́n tí ẹnu rẹ̀ mú.

“Ọkàn yín ń ṣiṣẹ́ dáadáa, Bàbá. Ìjáyà ló ń ṣe yín. Ara yín ṣì ń rántí ọjọ́ tí ilẹ̀ ya lù yín, ó ń sá fún ohun tí kò sí níbẹ̀ mọ́.”

“Ṣé irọ́ ni mo ń pa ni, Nọ́ọ̀sì?”

“Rárá o. Òótọ́ ni ìnira yẹn. Ṣùgbọ́n kì í pani. Á dé, á ga, á sì lọ.” Ó gbé bírò. “Kí lẹ máa ń mu kí ẹ tó wọ kànga?”

“Ẹ́nájì díríǹkì agolo méjì. Obì. Lẹ́yìn náà, páráágà díẹ̀ kí àyà lè balẹ̀.”

Nọ́ọ̀sì rọra fi bírò sílẹ̀. “Ẹ da bẹntiróòlù síná, ẹ wá ń bi mí pé kí ló dé tí ilé ń jó. Oorun ńkọ́?”

“Bí mo bá sun wákàtí mẹ́ta, mo ti gbìyànjú.”

“Ìgbà wo lẹ ṣeré kẹ́yìn?”

“Eré kẹ̀? Èmi bàbá ọlọ́mọ?”

“Ẹ̀yin gan-an. Ẹni tí kò mọ̀ ju iṣẹ́ àti ẹrù lọ, ara rẹ̀ kì í mọ̀gbà tí ewu ti kọjá. Ẹ fi ẹ́nájì àti páráágà sílẹ̀, ẹ pa obì tì, ẹ máa tètè sùn, ẹ máa rìn láàárọ̀. Tí ìjáyà bá dé, ẹ má bá a jà. Ẹ máa mí síta díẹ̀díẹ̀, kí èémí tó ń jáde gùn ju èyí tó ń wọlé lọ. Ẹ wá eré kan ṣe. Ẹ tún padà wá rí mi.”

Ògúnkànmí gbà kí iṣẹ́ dúró ná. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kò rọrùn rárá. Orí ń fọ́ ọ nítorí obì tí kò jẹ, inú ń bí i sí gbogbo ènìyàn títí kan adìyẹ onílé. Lẹ́yìn ìrun àárọ̀, ó ń rìn dé títì márosẹ̀, ó ń padà. Ó gbìyànjú láti máa mí bí nọ́ọ̀sì ṣe wí, ṣùgbọ́n bó ṣe ń ka èémí ni ẹ̀rù ń bà á pé òun ò ní kà á pé. Bí ènìyàn bá ń ṣọ́ èémí ara rẹ̀ bí ọlọ́dẹ ṣe ń ṣọ́ olè, báwo ló ṣe fẹ́ sinmi?

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó dorí kodò. Ummulkhair, ọmọbìnrin rẹ̀ ọmọ ọdún méje, po omi ọṣẹ sínú agolo mílíìkì, ó ti ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ bọ̀ ọ́, ó ń fi fẹ́ ìhó. Ìhó roboto-roboto ń fò kọjá odi lọ sọ́dọ̀ àwọn aládùúgbò.

“Dádì, ẹ wá fẹ́ ẹ.”

Ó gbà á kí ọmọ náà lè fi òun lọ́rùn sílẹ̀. Ó tì í bọ omi, ó fẹ́ ẹ fúù. Ọṣẹ ta sí i lójú. Ummulkhair rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

“Dádì, kì í ṣe iná lẹ ń fẹ́!”

Mùtíù tún un ṣe, ìhó náà bẹ́. Ó tún un ṣe, kò tilẹ̀ wú. Ó wá di ọ̀rọ̀ orí kunkun. Ọkùnrin tó ti gbẹ́ kànga tó lé ní ọgọ́rùn-ún, ṣé ìhó ọṣẹ ni kò ní lè fẹ́?

“Ẹ má kánjú,” ọmọ náà wí, ó di ọwọ́ bàbá rẹ̀ mú bí olùkọ́. “Ẹ rọra. Ẹ fẹ́ ẹ bíi pé ó ń sùn, ẹ ò sì fẹ́ kí ó jí.”

Ó rọra. Èémí rẹ̀ jáde tín-ín-rín, ó gùn, kò sì já. Ìhó kan wú lẹ́nu ọ̀pá náà, ó tó àgbálùmọ̀, ó tó ọsàn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àgbọn. Pupa àti àwọ̀ ewé ń yí lára rẹ̀, páànù ilé wọn hàn nínú rẹ̀ lódìlódì. Ó jábọ́ lẹ́nu ọ̀pá, ó gòkè. Àwọn méjèèjì pariwo lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìgbà tó bẹ́ tán ni Mùtíù kíyè sí ara rẹ̀. Àyà rẹ̀ dákẹ́. Kò ka èémí kankan, kò ṣọ́ nǹkan kan, ó kàn ń ṣeré ni, ara rẹ̀ sì ti balẹ̀. Omi bọ́ lójú rẹ̀, ó dì í ru ọṣẹ.

Nùsírátù yọrí láti ibi ìdáná. “Bàbá Ummu, ṣé kò sí o?”

“Kò sí. Ọmọ rẹ ń kọ́ mi níṣẹ́ ni.”

Láti ọjọ́ náà, eré ìrọ̀lẹ́ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń díje ẹni tí tirẹ̀ á tóbi jù, ẹni tí tirẹ̀ á pẹ́ jù. Ọjọ́ mẹ́rin ni Ummulkhair fi na bàbá rẹ̀ bí ẹni ń na aṣọ òfì. Nùsírátù náà bọ́ sí i ní ọjọ́ karùn-ún, ó sì na àwọn méjèèjì. Àwọn aládùúgbò ń fi Mùtíù ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ti padà di ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Ó ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Lálẹ́, oorun ń gbé e lọ kí ó tó fi aṣọ bora tán.

Ìjáyà kò kúkú lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan ní mọ́ṣáláṣí, èrò há a mọ́ àárín, ó sì dé: àyà ń lù, ọwọ́ ń tutù, ojú ń ṣú. Mùtíù fẹ́ dìde kí ó sá. Ó wá pa ojú dé, ó rò ó pé ọ̀pá ìbẹ́pẹ wà lẹ́nu òun, ìhó kan sì ń wú tí kò gbọdọ̀ bẹ́. Ó fẹ́ ẹ, ó fẹ́ ẹ, ó fẹ́ ẹ. Kí lèmọ́mù tó parí wáàsí, ìjáyà ti ga títí, ó ti rẹ̀, ó ti lọ. Mùtíù forí kanlẹ̀ pẹ̀lú ọpẹ́ tó kún inú rẹ̀. Bí ó ti jáde, ó pe Ògúnkànmí lórí fóònù.

“Ẹ̀gbọ́n, ọ̀la ni Sátidé tí obìnrin yẹn dá. Ẹ gbé okùn wá.”

Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni wọ́n pàdé ní Magboro. Màmá Jésùlayọ̀mi ti dé ṣáájú wọn, nọ́ńbà oníbóhóòlù wà lórí fóònù rẹ̀, ó ń dúró. Ògúnkànmí sọ àbẹ́là kalẹ̀, wọ́n dúró pẹ́ títí, iná ń jó. Ó wo Mùtíù. Lára bẹ́líìtì àbúrò rẹ̀, agolo mílíìkì kan wà tí wọ́n fi ọ̀rá dé lẹ́nu, ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Kí nìyẹn? Àgbo ni?”

“Ohun ìṣeré mi ni.”

Mùtíù ki ẹsẹ̀ bọ inú ihò àkọ́kọ́ lára ògiri kànga, ó ń sọ̀kalẹ̀.

Nígbà tó dé ìsàlẹ̀, ojú ọ̀run ti di roboto kékeré lókè orí rẹ̀. Yanrìn díẹ̀ já bọ́ sí i lọ́rùn. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni àyà rẹ̀ fò sókè, tí gbogbo Asese padà dé: ẹrù ilẹ̀ lórí àyà, ẹnu tó kún fún yanrìn. Okùn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá fà á lẹ́ẹ̀kan péré, á jáde, iṣẹ́ àwọn méjèèjì á sì parí lónìí.

Ó fi okùn sílẹ̀. Ó jókòó sórí erùpẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àbẹ́là. “O káàbọ̀,” ó wí fún ìjáyà. “Jókòó. Èmi fẹ́ ṣeré.” Ó ṣí agolo, ó ti ọ̀pá bọ̀ ọ́. Ó kánjú fẹ́ ẹ, ìhó àkọ́kọ́ bẹ́. Èkejì lu ògiri. Ó rántí pé ẹnìkan ń sùn tí kò gbọdọ̀ jí. Ó rọra. Ẹ̀kẹta wú, ó jábọ́, iná àbẹ́là tàn sára rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè.

Lókè, Ògúnkànmí tó ti di okùn mú gírígírí rí ohun kan tí kò rí rí láti ọjọ́ tó ti dáyé. Ìhó ọṣẹ kan yọ lẹ́nu kànga, ó ń dán yinrin, ó rọra kọjá níwájú imú rẹ̀. Òmíràn tẹ̀lé e.

“Ẹ̀jẹ̀ Jésù!” Màmá Jésùlayọ̀mi kígbe.

“Ẹ fọkàn balẹ̀, Mọ̀mí,” Ògúnkànmí wí. Ẹ̀rín ti fẹ́ gbé e ṣubú. “Èémí àbúrò mi ni.”

Láìpẹ́, wọ́n gbọ́ dígà tó ń lu ilẹ̀. Korobá ń gòkè, ó ń sọ̀kalẹ̀. Erùpẹ̀ gbígbẹ di erùpẹ̀ tútù, erùpẹ̀ tútù di ẹrẹ̀. Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, korobá tó gòkè wá kò ru erùpẹ̀ mọ́, omi ló ru. Màmá Jésùlayọ̀mi ju fóònù sílẹ̀, ó ń jó, ó ń kọrin ìyìn yí ọgbà náà ká, ó gbàgbé pé sílípáàsì ẹsẹ̀ kan ti bọ́ sínú ẹrẹ̀.

Ògúnkànmí yọjú sínú kànga. “Mùtíù! Omi ti dé o! Ṣé kí n fà ẹ́?”

Nísàlẹ̀, omi tútù ń yọ láàárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ Mùtíù. Ó wo àbẹ́là tó ń jó, ó wo roboto ọ̀run lókè, ó sì mí síta, kò kánjú.

“Ẹ má tíì fà mí, ẹ̀gbọ́n,” ó dáhùn. “Ọṣẹ ṣì kù nínú agolo.”