Etí Tí Kò Fẹ́ Sinmi

"Dàdí, ọkàn yín tún ti lọ."

"Kò lọ síbì kankan. Ọkọ̀ tó kọjá yẹn ni mo ń gbọ́. Pọ́lọ́ọ̀gì ẹ́ńjìnnì ẹ̀ kan ti kú."

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, mí kanlẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ kẹrin nìyí tó ti ń kọ́ bàbá rẹ̀ ní yógà, eré ìdárayá tó ń fi èémí mú ara balẹ̀, lórí ẹní. Dókítà ti sọ ọ́ láìfi igbá kan bọ ọ̀kan nínú: bí ẹ̀jẹ̀ ríru yìí kò bá wálẹ̀, rọpárọsẹ̀ ló kàn. Ṣùgbọ́n mẹkáníìkì ni bàbá. Ogójì ọdún ló ti ń fi etí wá àìsàn ọkọ̀. Etí Ehoro làwọn oníbàárà ń pè é.

"Ẹ ṣe bí ìgbín. Ẹ fa ojú wọlé, ẹ fa etí wọlé. Ohun tó bá ń lọ níta, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Èémí yín nìkan ni kẹ́ ẹ máa ṣọ́."

"Ìgbín ò ní ṣọ́ọ̀bù tó fẹ́ ṣí láàárọ̀."

Síbẹ̀ ó dijú. Ó ti rẹ̀ ẹ́ dé egungun. Ó mí sínú, ó mí síta. Ariwo ìta bẹ̀rẹ̀ sí í jìnnà.

Ìgbà náà ni ọkọ̀ àbúrò rẹ̀ kọjá. Òun fúnra rẹ̀ ló to ẹ́ńjìnnì yẹn, kí àbúrò náà tó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù bàbá wọn mọ́ ọn lójú. Ọdún mẹ́fà rèé, wọn kò bára wọn sọ̀rọ̀. Ẹ́ńjìnnì náà ń dún kọ́, kọ́, kọ́. Ọjọ́ kẹta tó ti ń gbọ́ ọ nìyí. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ṣe ló rẹ́rìn-ín.

Ọkọ̀ lọ. Gbogbo ariwo yòókù náà lọ. Ṣùgbọ́n kọ́, kọ́, kọ́ yẹn kò lọ. Àyà rẹ̀ ló ti ń dún báyìí.

"Pe àbúrò mi."

"Àbúrò yín wo?"

"Mélòó ni mo ní?"

Ó gba fóònù. "Má wa ọkọ̀ yẹn lọ́la. Ọ́ìlì ò dókè ẹ́ńjìnnì mọ́. Ó máa gan mọ́ ọ lọ́wọ́ lórí eré."

"Ẹ̀gbọ́n mi? Ṣé ẹ̀yin lẹ ń—"

"Mo ní má wà á." Ó pa fóònù náà.

"Ẹ ò tiẹ̀ kí wọn, Dàdí."

"Ta ló sọ fún ẹ pé mo ti dárí jì í?"

Ó tún ká ẹsẹ̀ rẹ̀ kò, orúnkún rẹ̀ ń ké. Ó dijú láìjẹ́ kí wọ́n sọ fún un. Ọkọ̀ kan kọjá, ó ń húkọ́ bí arúgbó. Ọmọ náà dúró kó dárúkọ ohun tó ń ṣe é.

Bàbá mí sínú, ó mí síta, ó jẹ́ kó máa lọ.