Àyè Bàbá Lábẹ́ Ère

Nígbà tí Baldo bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ní Trapani, ìlú wa, láàárọ̀ Ọjọ́ Ẹtì Rere, kò tilẹ̀ yà sílé bọ́jú. Ṣọ́ọ̀ṣì tí àwọn ère wà ló gbà lọ tààrà, tòun ti báàgì lọ́wọ́. Ohun kan ṣoṣo ló gbé e wá láti Jámánì: àyè bàbá rẹ̀ lábẹ́ ère Jésù ti àwọn apẹja, tí wọ́n máa ń gbé yí ìlú ká lọ́jọ́ náà.

Láti ìgbà ọ̀dọ́ ni Bàbá Tano, bàbá rẹ̀, ti ń fi èjìká gbé igun iwájú ère náà, títí àrùn rọpárọsẹ̀ fi dá a jókòó. Dókítà ti sọ fún Nardina, ẹ̀gbọ́n Baldo obìnrin, pé kí wọ́n má fọkàn sí ọdún tó ń bọ̀. Bàbá wá bá Baldo sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ọ̀rọ̀ ń wọ́ lẹ́nu rẹ̀: "Bí ère bá dé ẹnu ọ̀nà wa, jẹ́ kí n rí èjìká ọmọ mi níbẹ̀ kí n tó kú." Ta ló máa gbọ́ irú ìyẹn tí á ṣì jókòó sí Jámánì? Nílùú wa, ọmọ ló ń jogún àyè bàbá rẹ̀ lábẹ́ igi tí wọ́n fi ń gbé ère. Bí ọmọ ò bá sì yọjú, ẹlòmíì á bọ́ síbẹ̀. Nofrio aládùúgbò wọn ló ti ń bá wọn di àyè náà mú látìgbà tí ara Bàbá ti kọ̀.

Bàbá Nirìa, olórí àwọn tó ń gbé ère, wo Baldo láti òkè délẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Háà! Ṣé ọ̀dùnkún Jámánì lo jẹ tó o fi ga gogoro báyìí? Èjìká bàbá ẹ ò ju ibí lọ." Ó fọwọ́ kan Baldo láyà.

"Ẹ kú àárọ̀, sà. Àyè bàbá mi ni mo wá gbà."

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n igi ò mọ ọmọ ẹni tó o jẹ́. Àwọn kúkúrú ló wà níwájú, àwọn gàgàrà wà lẹ́yìn. Lọ bá Masi lẹ́yìn lọ́hùn-ún."

"Bàbá mi ò sọ̀rọ̀ ẹ̀yìn, sà. Mo lágbára. Irin ni mò ń gbé níbi iṣẹ́ lójoojúmọ́."

"Ta ló ń bá ẹ sọ̀rọ̀ agbára?"

Nofrio ló pẹ̀tù sí i. "Ẹ jẹ́ kó wọlé, Bàbá Nirìa. Ẹni tó ni nǹkan ló dé." Ó bọ́ tìmùtìmù kékeré tó wà léjìká rẹ̀ fún Baldo. Ó dun Nofrio, ẹ má jẹ́ kí n parọ́ fún yín, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kó hàn lójú. Baldo gbà á, kò tilẹ̀ dúpẹ́ dáadáa.

Bàbá Nirìa gbá pákó méjì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ra: kà! Gbogbo wọn gbé ère lẹ́ẹ̀kan náà. Yéè! Ẹrù tó yẹ kó kárí èjìká gbogbo ìlà iwájú, èjìká Baldo nìkan ló dà lé, torí igi ò kan àwọn tó kù. Àṣé ohun tí Bàbá Nirìa ń sọ nìyí! Ó yára tẹ orúnkún kí èjìká rẹ̀ lè bá tiwọn dọ́gba, bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe ń rìn lọ.

"Ará Jámánì, ṣé ilé ìgbẹ́ lò ń wá ni?" ẹnì kan bi í látẹ̀yìn. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láti sinmi, Baldo ń fọwọ́ ra itan rẹ̀. Nofrio, tó ń bá wọn rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́, fún un lómi. Bàbá Nirìa sún mọ́ ọn.

"Jáde, ọmọ mi. Kò sí ìtìjú ńbẹ̀."

"Mi ò jáde, sà. Ó di ẹnu ọ̀nà wa."

"Orí kunkun Tano nìyí, kò sírọ́ ńbẹ̀."

Wọ́n tún gbé e. Baldo fi eyín di ètè, ó ń tẹ orúnkún lọ láti àdúgbò kan dé òmíràn, òógùn ń wọ̀ ọ́ lójú. Nígbà tí wọ́n yà sí òpópónà wọn, oòrùn ò tíì wọ̀. Bàbá Tano wà lórí àga lẹ́nu ọ̀nà, aṣọ òtútù lórí itan, Nardina dúró tì í. Bàbá rí ọmọ rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Inú Baldo dùn débi pé ó fẹ́ pariwo.

Ibi tí aláìsàn bá jókòó sí, wọ́n gbọ́dọ̀ mi ère fún un, sọ́tùn-ún, sósì, bí ìgbà tí ìyá ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Pákó dún. Ṣé ẹni tó tẹ orúnkún lè jó ijó yẹn? Igun iwájú rì, ère ń tiro, òdòdó já bọ́ sílẹ̀ láti ẹsẹ̀ Jésù. Ẹ̀rín kúrò lójú Bàbá. Ó fi ọwọ́ rẹ̀ tó ṣì ń ṣiṣẹ́ lu àga.

"Bọ́ síta!"

"Bàbá, èmi ni. Baldo ni. Àyè yín ni mo wà."

"Mo rí ẹ. Bọ́ síta." Ó sinmi kó tó lè sọ ìyókù. "Ère... ni mo ní kó o wá gbé. Mi ò ní kó o wá gbé mi."

Omijé bọ́ lójú Baldo níwájú gbogbo ènìyàn. Ọ̀nà jíjìn tó rìn, ìyà tó jẹ, kí Bàbá wá lé e lójú gbogbo ayé! Wọ́n sọ ère kalẹ̀. Ó jáde, ó sì lọ dúró níwájú Nofrio.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Ẹ padà síbẹ̀."

Nofrio gba tìmùtìmù rẹ̀, kò dúró gbọ́ ẹ̀ẹ̀kejì.

Masi sún fún Baldo lẹ́yìn. "O ò bá ti tètè wá. Nàró dáadáa." Baldo nàró. Pákó dún, igi jókòó sí èjìká rẹ̀ pẹ́lẹ́, gbogbo wọn jọ gbé e. Ère bẹ̀rẹ̀ sí í mì, sọ́tùn-ún, sósì. Ẹ̀yìn ọrùn ẹni tó wà níwájú rẹ̀ nìkan ni Baldo ń rí.

"Ẹ wo Bàbá!" Nardina ń ké lọ́hùn-ún, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. "Bàbá ń forí jó! Baldo, wo Bàbá!"

Bó bá na ọrùn díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, á rí i. Ṣùgbọ́n bó bá nà án, igi á yẹ̀ léjìká àwọn tó kù. Baldo ò nà án.