Obìnrin Kan Ṣoṣo Inú Fídíò Náà

Lójú tẹlifíṣọ̀n, obìnrin onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan la ẹnu láti sọ̀rọ̀, àwòrán fò, ọkùnrin kan sì ti wà ní ipò rẹ̀.

"Wọ́n tún ti gé e!" Àlàájà Bilikis rẹ́rìn-ín títí tíì fi dànù lọ́wọ́ rẹ̀. "Ìyàwó, àbí ibi tí wọ́n gé yẹn ni ìwọ náà wà?"

Kulthum dúró ti ẹ̀rọ fídíò bí ẹni tó ń ṣọ́ ìkòkò lórí iná. Láti ìgbà tí ogun Kuwait parí, tí Abdullatif ọkọ rẹ̀ ti gbé e wá sí Jeddah, ni ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ yìí ti ń pè é ní Òṣèré Lọ́ńdọ̀nù: níbi ìkómọ, níwájú àlejò, kódà lọ́nà Úmúrà. Ó ní irọ́ ni Kulthum pa pé òun ṣe fíìmù nígbà tí òun ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kulthum kì í jà. Ṣùgbọ́n ẹni tó yàgbẹ́ lè gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Láàárọ̀ ló ṣàdédé rí fíìmù náà ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń yá fídíò ládùúgbò wọn ní Ruwais. Kò tilẹ̀ dúró wò ó. Ó ní àfi kí Abdullatif wa ọkọ̀ lọ sí Mẹ́kà, sí ilé Àlàájà ní Hujun. Inú ìkánjú yẹn ló ti gbàgbé ohun tí gbogbo ará ibẹ̀ mọ̀: fídíò ṣọ́ọ̀bù ti gba abẹ́ ọ̀bẹ àwọn tó ń gé ohun tí òfin kọ̀ kúrò. Ẹni tó sì gé èyí kò ṣàánú obìnrin kankan tó ṣí orí sílẹ̀.

Fíìmù náà kò lówó lórí. Ilé ìdáná ilé ẹ̀kọ́ kan ni wọ́n fi ṣe yàrá àyẹ̀wò ìjọba, àwọn tó ṣe ọlọ́pàá ló tún ṣe sójà. Síbẹ̀ ó mú ni lọ́kàn. Àgùntàn ń kú nítòsí yàrá náà. Onímọ̀ ìjìnlẹ̀ méjì, ọkùnrin kan, obìnrin kan, mọ ohun tó ń pa wọ́n. Ìjọba sì ní ẹni tó bá sọ ọ́ yóò jẹrà sẹ́wọ̀n. Àlàájì Abbas, ọkọ Àlàájà, tó ní òun ò ráyè fíìmù, ti fi tẹ̀súbáà sílẹ̀, ó ń ka Lárúbáwá ìsàlẹ̀ àwòrán fún wọn.

"Fíìmù tí kò lóbìnrin," ni Àlàájà wí. "Òṣèré Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀bẹ ti mú ọ lọ o."

Abdullatif wolẹ̀. "Kulthum, jẹ́ ká máa lọ."

"Mi ò lọ."

Dókítà, ọkùnrin onímọ̀ ìjìnlẹ̀ náà, ń sá lọ, ẹ̀rí wà ní abíyá rẹ̀, sójà ń bọ̀ lẹ́yìn. Ó dé ìdí ilẹ̀kùn irin kan tí wọ́n tì. Ọmọbìnrin aláwọ̀ dúdú kan yọ láti inú òkùnkùn, ó gbé garawa lọ́wọ́, ó wé ìborí funfun mọ́rí pinpin.

Àwòrán kò fò.

Ó gbé garawa kalẹ̀, ó di irin ìdábùú ilẹ̀kùn mú. "Ẹ gba ibí, Dókítà. Èmi ò rí yín o," ni Àlàájì Abbas kà, ó sì fò sókè. "Allahu Akbar! Ìyàwó wa nìyẹn!"

Àlàájà gbé ife tíì kalẹ̀, ó ní, "Dá a padà sẹ́yìn."

Kulthum dá a padà.

"Gbogbo wọn ni wọ́n gé. Kí ló dé tí wọ́n fi ìwọ sílẹ̀?"

"Mo borí, Àlàájà. Òyìnbó tó ń darí wa ní kí n tú u. Ó pariwo lé mi lórí lójú gbogbo èèyàn. Mo ní mi ò tú u."

Àlàájà ti dé ìdí tẹlifóònù. "Hàlóò, Àlàájà Aaliyah? Ẹ máa bọ̀ kíákíá! Ìyàwó wa ló wà nínú fíìmù òyìnbó. Olórí òṣèré ni! Òun nìkan lobìnrin ibẹ̀. Ṣebí ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń sọ fún yín?"

Abdullatif fi fìlà bo ẹnu, ẹ̀rín fẹ́ pa á. Èsì tí Kulthum ti ń pọ́n bí ọ̀bẹ láti ọdún wọ̀nyí wá sí i lẹ́nu. Ó gbé e mì, ó sì jókòó.

Àlàájà tún dá fídíò padà fúnra rẹ̀. "Ẹ wo ọwọ́ rẹ̀ lára irin yẹn, bó ṣe ń gbọ̀n! Eré dé o. Ọmọ yìí mọ̀ ọ́n ṣe."

Kulthum sún mọ́ ọn. Lóòótọ́ ni, ọwọ́ náà ń gbọ̀n. Nínú ìrántí tirẹ̀, bí òpó ló ṣe dúró níwájú òyìnbó yẹn lọ́jọ́ náà. Kò sẹ́ni tó ní kí ó gbọ̀n fún eré; ẹ̀rù ló ti ń bà á. Ó ń wo ọwọ́ kékeré náà, títí tí ọwọ́ náà fi fa irin, tí ilẹ̀kùn ṣí.